Isu Tó Lọ́gbẹ́ Kò Gbọdọ̀ Gba Ìtànṣán

Àwọn àgbẹ̀ kan dá owó jọ, wọ́n háyà ọkọ̀, wọ́n kó isu lọ gba ìtànṣán gámà, irú ìmọ́lẹ̀ alágbára kan tí ojú ò lè rí, kó má baà hù, síbẹ̀ isu náà rà mọ́ wọn lọ́wọ́ nínú àká. Ẹ̀rọ ìtànṣán ni gbogbo wọn ń bú. Ẹ̀rọ kọ́. Ojú ọgbẹ́ ni ìrà náà ti bẹ̀rẹ̀: ibi tí ọkọ́ ti gé e, ibi tí isu ti ń gbo ara wọn nínú ọkọ̀.

Ẹ mọ isu wà, a ò ní kọ́ yín nìyẹn. Ohun tí ẹ kì í ṣe ni pé kí ẹ jẹ́ kí ọgbẹ́ jinná kí isu tó lọ.

Ara isu kún fún omi. Bí ìtànṣán tó ń ti ara kóbọ́ọ̀tì-60, irin tó wà nínú ẹ̀rọ náà, jáde bá wọ inú omi yẹn, á fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, èérún rẹ̀ á sì kọlu ohun tó ń mú ara isu dàgbà. Ojú isu ò ní lè hù mọ́. Ṣùgbọ́n agbára tí isu fi ń hù náà ló fi ń pa èépá sójú ọgbẹ́. Ẹ pa ọ̀kan, ẹ pa èkejì. Gírè ni wọ́n fi ń díwọ̀n ìtànṣán. Gy lẹ máa rí lára ìwé tí wọ́n bá fún yín. Ti isu kò ju Gy 75 sí 150 lọ, ìyẹn kò sì tó pa kòkòrò àìfojúrí tó ń mú isu rà. Ọgbẹ́ ò jinná, kòkòrò ò kú: kí lẹ tún ń retí?

Lọ́jọ́ tí ẹ bá wa isu ni kí ẹ ṣà á. Èyí tí ọkọ́ gé wọnú, ẹ jẹ ẹ́ tàbí kí ẹ fi ṣe èlùbọ́. Èyí tó kàn bó lára, ẹ kó o jọ sábẹ́ ibòji, ẹ fi koríko gbígbẹ bò ó kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 15, kí ẹ wá da àpò ìdọ̀họ lé e. Ọjọ́ 4 sí 7 ni, kí ooru abẹ́ rẹ̀ wà láàárín dígírì 29 sí 32. Ẹ fi èékánná họ ojú ọgbẹ́ kan wò. Bó bá gbẹ, tó sì le bí èèpo, ó ti jinná. Bí omi bá ṣì ń yọ, ẹ dá a padà sábẹ́ koríko. Bí ojú isu bá ti là, ó ti pẹ́ jù nìyẹn. Ẹ má náwó ọkọ̀ lásán.

Ìgbà àbọ̀ ló burú jù, torí ọgbẹ́ tí isu bá gbà lẹ́yìn ìtànṣán kì í jinná dáadáa mọ́. Ẹ tẹ́ koríko sáàárín rẹ̀. Kí àwọn ọmọ ọkọ̀ yé jókòó lórí isu olówó.

Èbù kò gbọdọ̀ lọ síbẹ̀. Kò ní hù. Ẹ sì sọ fún ẹni tó bá rà á lọ́wọ́ yín. Ìwà olè ni kéèyàn ta isu tí kò lè hù fún ẹni tó fẹ́ gbìn ín.

Ẹ̀yin ìyá tó ń bẹ̀rù láti sè é: isu yìí kò gbé ìtànṣán wọ ìkòkò, bí ẹni tó ya ẹ́síréè kì í ti í gbé e relé. Láti ọdún 1980 ni ìgbìmọ̀ onímọ̀ tí FAO (àjọ oúnjẹ àgbáyé), IAEA (àjọ agbára átọ́míìkì àgbáyé) àti WHO (àjọ ìlera àgbáyé) gbé kalẹ̀ ti sọ pé oúnjẹ tó gbà tó Gy 10,000 kò léwu.  Ìjọba ní ilé tí wọ́n ti ń fún nǹkan ní ìtànṣán ní Sheda, lẹ́bàá Àbújá. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó di ẹrù.

Ti ẹ̀wà yàtọ̀, torí kòkòrò tó ń jẹ ẹ́ la fẹ́ pa: Gy 150 sí 500, inú àpò tí a ti dí pa ni kó ti gbà á. Ìtànṣán kì í fi oògùn kankan sílẹ̀ sínú ẹ̀wà. Lọ́jọ́ tí ẹ bá tú àpò yẹn, kòkòrò mìíràn lè wọlé.