Mo fi ìdí wọ́ dé Ihò Eléérú

Mo ti gbé Àkúrẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án kí n tó gbọ́ pé Ihò Eléérú, ibi tí wọ́n ti hú egungun ènìyàn tó ti lé ní ọdún 11,000 jáde, kò ju bíi kìlómítà 24 lọ sí mi. Ojú tì mí. Òkè Ìdànrè ni gbogbo wa ń sáré lọ ya fọ́tò.

Lọ́jọ́ Sátidé kan lópin oṣù Kọkànlá, nígbà tí òjò ti ń dẹwọ́, mo wọ mọ́tò gba ọ̀nà Ìgbárà-Òkè, mo sì gun ọ̀kadà wọ Ìṣàrun. Ẹ má dá wọ igbó yẹn o. Àwọn àgbà ìlú ni mo kọ́kọ́ lọ kí. Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n bi mí ohun tí mo wá ṣe, wọ́n wá ní kí bàbá àgbẹ̀ kan mú mi lọ. Bàbá wo bàtà mi, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

“Ṣé ṣọ́ọ̀ṣì lò ń lọ ni?”

“Ẹ má bínú, Bàbá, òun náà ni mo ní.”

“Kò burú. Ṣáà máa tẹ ibi tí mo bá tẹ̀.”

Oko kòkó la gbà kọjá. Wọ́n ń fọ́ kòkó lọ́wọ́. Èyí tí wọ́n ti fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ti kan, òórùn rẹ̀ ń ta sánsán bí ọtí. Lẹ́yìn oko ni ilẹ̀ ya gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Bí èèyàn bá ń gòkè, èémí ló ń dà á láàmú. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀, orúnkún ni. Ewé gbígbẹ bo ilẹ̀, àmọ́ abẹ́ rẹ̀ tutù, ó ń yọ̀ bí ilá. Bàbá ní kí n má kọjú sísàlẹ̀ tààrà, kí n máa fi ẹ̀gbẹ́ sọ̀, kí n sì mi igi wò kí n tó dì í mú. Èmi ò mi ọ̀kan tí ẹsẹ̀ mi yọ̀. Ó dá. Mo fi ìdí wọ́lẹ̀ tó gígùn mọ́tò kan, ìdí kùkùté tí ìjàlọ ń tò kọjá ni mo sì balẹ̀ sí.

Omi tó wà nísàlẹ̀ kò kọjá kókósẹ̀. Mo so okùn bàtà mi pọ̀, mo fi kọ́ ọrùn, a sọdá.

Ẹni tó bá ń retí ihò tó ṣókùnkùn biribiri á ní wọ́n rẹ́ òun jẹ. Àpáta ràgàjì kan ló yọ síta bí ọ̀dẹ̀dẹ̀, abẹ́ rẹ̀ sì gbẹ. Eérú inú orúkọ rẹ̀ wà nílẹ̀ níbẹ̀: ilẹ̀ náà lẹ́búlẹ́bú, mo ti ìka bọ̀ ọ́, ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ bí ẹ̀lúbọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé àwọn òyìnbó, “Iwo Eleru” ni wọ́n ń kọ, bí ẹni pé ìwo màlúù la ń sọ. Thurstan Shaw, òyìnbó awalẹ̀pìtàn, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ló gbẹ́ ibẹ̀ lọ́dún 1965, tí wọ́n bá òkú náà níbi tí wọ́n sin ín sí, pẹ̀lú ọ̀kẹ́ àìmọye òkúta tí wọ́n là ṣe irinṣẹ́. Lọ́dún 2011, àwọn onímọ̀ kan kọ̀wé pé ìrísí agbárí rẹ̀ jọ ti àwọn tó ti gbé ayé tipẹ́tipẹ́ ṣáájú rẹ̀. Lábẹ́ àpáta yẹn, mo gbà wọ́n gbọ́.

Mo rí òkúta funfun kan, kò tó èékánná àtàǹpàkò, etí rẹ̀ mú bí abẹ. Bóyá ọwọ́ ènìyàn ló là á, bóyá òun ló là fúnra rẹ̀, ojú mi kò mọ ìyàtọ̀. Ọwọ́ mi ti ń lọ sápò.

“Dá a padà síbi tó o ti mú un.” Bàbá ò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

Mo dá a padà.

Nígbà tá a padà dé abúlé, ìyàwó Bàbá gbé iṣu sísun àti epo ka iwájú wa. Mo ń jẹun lọ́wọ́ ni ìjàlọ kan tó ti wọnú ṣòkòtò mi láti òwúrọ̀ tó rántí iṣẹ́ rẹ̀.