Omi Kànga Ẹ̀rọ: Àwọn Ìbéèrè Tí Wọ́n Ń Bi Mí Ṣáá N'Íbàdàn

Ìbéèrè: Omi wa mọ́ gaara tó bá ń jáde, àmọ́ tó bá pẹ́ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó máa ń pọ́n.

Ìdáhùn: Irin ló wà nínú rẹ̀. Atẹ́gùn kàn án, ó dípẹtà. Tí irin bá ti ju 0.3 mg lọ nínú líta omi kan, aṣọ funfun yín á sọ fún yín. Ẹ jẹ́ kó gba atẹ́gùn dáadáa, kó silẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi yanrìn sẹ́ ẹ. Kì í sábà jẹ́ ìyẹn ló ń gbé èèyàn dé ilé ìwòsàn.

Ìbéèrè: Omi táńkì ń rùn.

Ìdáhùn: Ìgbà wo lẹ fọ̀ ọ́ kẹ́yìn? Ẹ lọ fọ̀ ọ́ ná.

Ìbéèrè: A ti da álọ́ọ̀mù sí i. Ṣé ó ti di mímu?

Ìdáhùn: Rárá o! Ìdọ̀tí ni álọ́ọ̀mù ń fà lọ sísàlẹ̀, kì í pa kòkòrò àìsàn. Ẹ sè é, kó hó dáadáa fún ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ sì dé e.

Ìbéèrè: Omi wa mọ́, kò rùn, síbẹ̀ àwọn ọmọ ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Wọ́n da kiloríìnì, oògùn tó ń pa kòkòrò inú omi, sínú kànga, ó dáwọ́ dúró. Òjò rọ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ìdáhùn: "Òjò rọ̀" yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Omi tó jìn nílẹ̀ kò gbọdọ̀ mọ̀ pé òjò rọ̀ lánàá. Tó bá mọ̀, ọ̀nà ẹ̀bùrú kan wà. Ilé kan fi irú èyí dà mí láàmú. Láàbù rí E. coli, ìyẹn kòkòrò inú ìgbẹ́. Onílé fọ táńkì, ó pààrọ̀ páìpù, ó bá aládùúgbò jà nítorí sókàwéè, bẹ́ẹ̀ sókàwéè ọ̀hún jìnnà ju 30 mítà tí a máa ń ní kí wọ́n fi sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n ṣí ẹnu kànga. Ẹni tó gbẹ́ ẹ gé páìpù rẹ̀ mọ́ abẹ́ ilẹ̀, ó fi bíríkì kọ́ kòtò yí i ká, ó wá fi pákó bò ó. Ihò tí wáyà pọ́ǹpù gbà wọlé fẹ̀ débi pé ó gba ọwọ́ mi. Ekòló lẹ̀ mọ́ etí rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ páìpù tó yẹ kí sìmẹ́ǹtì wà, yẹ̀pẹ̀ lásán ni; mo da omi sí i, ó fà á mu kíá. Ohun tí ewúrẹ́ àti adìẹ bá yà sí àgbàlá, òjò á gbá a sínú kòtò, á bá ara páìpù sọ̀kalẹ̀. A fi páìpù kún un kó ga ju ilẹ̀ lọ, a fi sìmẹ́ǹtì dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a wá ìdérí tó ní rọ́bà dé e pa, ká tó wá da kiloríìnì sí i. Òjò tún rọ̀, láàbù ò rí nǹkan kan. Ẹni tó bá ń da kiloríìnì sí kànga tí ihò rẹ̀ ṣì ṣí sílẹ̀, owó ló ń dà nù.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè da kiloríìnì ọ̀hún fúnra mi?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Bí kànga ṣe jìn tó àti bí omi inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó la fi ń wọn ọ́n, èéfín rẹ̀ nínú kòtò tóóró sì lè gba èémí lẹ́nu èèyàn. Ẹ pe ẹni tó mọṣẹ́, kẹ́ ẹ sì dúró tì í.

Ìbéèrè: Kí la fi ń gbé omi lọ sí láàbù?

Ìdáhùn: Ìgò tí láàbù bá fún yín, kì í ṣe ìgò ẹlẹ́rìndòdò tí ẹ ṣàn. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣàn díẹ̀ kẹ́ ẹ tó bù ú, ẹ gbé e sínú yìnyín, kó sì dé láàbù lọ́jọ́ náà.