Bí Ará Àdúgbò Ṣe Lè Sọ Èrò Wọn Lórí Ètò Ìdàgbàsókè àti Owó Tí A Ó Fi Ṣe É

Ètò ìdàgbàsókè tí kò ní owó nínú ìwé ìṣúná kò yàtọ̀ sí ìlérí ẹnu. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ará àdúgbò tí ó bá ní èrò lórí gọ́tà, ọ̀nà, omi tàbí ìkólẹ̀ sọ ti owó mọ́ ọn, kí ó sì sọ ọ́ kí ìwé ìṣúná tó di òfin. Ìbàdàn ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ. Ìjọba ìbílẹ̀ 11 ni ó wà nínú ìlú yìí, omíyalé Ògùnpa ọdún 1980 àti ti oṣù Ògún ọdún 2011 sì ti fi hàn wá pé ìdọ̀tí tí àdúgbò òkè bá dà sódò, ilé àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ ni omi yóò gbé e lọ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tí iṣẹ́ náà wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Àfikún Kẹrin ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi ọ̀nà àdúgbò, iná ojú pópó, gọ́tà, ọjà àti ìkólẹ̀ sí abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ọ̀nà ńláńlá lè jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀ tàbí ti ìjọba àpapọ̀, nítorí náà ẹ wádìí kí ẹ tó kọ̀wé. Ní oṣù Agẹmọ ọdún 2024, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ pé kí owó tí ó tọ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Alága káńsù ni ó yẹ kí ẹ bi léèrè ohun tí wọ́n fi owó náà ṣe.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gba ìwé ètò àti ìwé ìṣúná. Òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 fún ẹnikẹ́ni ní àṣẹ láti kọ lẹ́tà béèrè fún ìwé ìjọba láìsọ ìdí, ọjọ́ 7 ni wọ́n sì ní láti fi dáhùn. Ní ọdún 2025, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òfin náà de gbogbo ìpínlẹ̀. Ẹ gba ti ọdún tí ó kọjá náà, kí ẹ lè mọ iṣẹ́ tí wọ́n ti kọ owó sí tí kò tíì di ṣíṣe.

Ẹ wá kó èrò jọ. Ìpàdé àwọn onílé nìkan kò tó, ó sì máa ń dùn mí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, èyí tí a mọ̀ sí CDA, ń dúró sí. Ayálégbé ń san owó àdúgbò, ṣùgbọ́n wọn kì í pè é. Obìnrin tí ó ń ta ẹ̀fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà ni ó mọ ibi tí omi ti ń kọ́kọ́ kún. Ẹni tí ó ń fi kẹ̀kẹ́ arọ rìn ni ó mọ afárá tí kò ṣeé gbà. Ẹ bá àwọn oníṣòwò sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìgbà tí ọjà bá tú, ẹ pe àwọn ọ̀dọ́ lọ́tọ̀, kí ẹ sì kọ èrò ẹni tí kò gbà pẹ̀lú yín sílẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí jù ni ìwé tí ẹ ó kọ. "A fẹ́ gọ́tà" kò lè wọ inú ìwé ìṣúná. Ẹ wọn gígùn rẹ̀, ẹ ya fọ́tò ibi tí ó ti dí, ẹ ka iye ilé tí omi ń wọ̀, kí ẹ sì fi hàn kedere ibi tí omi náà yóò dà sí. Ní tèmi, gọ́tà kúkúrú tí ó dé odò sàn ju gígùn tí ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn lọ.

Ẹ gba ìṣirò iye owó lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe méjì ó kéré tán, kí ẹ sì kọ owó ìtọ́jú sọ́tọ̀: ta ni yóò máa kó iyanrìn inú rẹ̀ kí òjò àkọ́rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, àti nínú owó wo? Láìsí ìlà yìí, iṣẹ́ náà kò ní pẹ́ bàjẹ́. Ẹ sọ ohun tí àdúgbò yóò mú wá pẹ̀lú. Lábẹ́ CSDP, iṣẹ́ ìdàgbàsókè àwùjọ tí Báńkì Àgbáyé ràn lọ́wọ́ nígbà kan rí, àwùjọ ni ó dá ìdá 10 nínú 100 iye owó iṣẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ àti yanrìn náà lè wà lára ohun tí ẹ ó mú wá. Bí ẹ bá dá owó, kí ó wà ní báńkì lábẹ́ ìbuwọ́lùwé ju ti ẹnì kan lọ, kí olúkúlùkù sì gba rìsíìtì.

Ọdún ìṣúná ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Ṣẹ́rẹ́, nítorí náà ẹ gbé ìwé yín lọ sí káńsù láàárín oṣù Agẹmọ sí oṣù Ògún, nígbà tí àwọn ẹ̀ka ìjọba ṣì ń to tiwọn. Ẹ fún káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín ní ẹ̀dà kan, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí èyí tí yóò wà lọ́wọ́ yín.

Bí wọ́n bá pe ìpàdé ará ìlú lórí ìṣúná, kí ẹni méjì péré sọ̀rọ̀, kí wọ́n fi Yorùbá sọ ọ́, kí wọ́n má sì kúrò lórí ohun tí ó wà nínú ìwé.

Nígbà tí wọ́n bá ti buwọ́ lu ìṣúná, ẹ béèrè fún ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ wá ìlà iṣẹ́ yín níbẹ̀. Bí ó bá wà, ẹ yan ẹni tí yóò máa fi ohun tí agbaṣẹ́ṣe ń ṣe wé gígùn tí wọ́n kọ sílẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ kọ lẹ́tà béèrè ìdí rẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ sì tún ìṣirò iye owó ṣe fún ọdún tí ń bọ̀.