Kí ẹ tó ra aago automatic, ẹ bèèrè ẹ́ńjìnnì rẹ̀

Ojú aago kì í bàjẹ́ bọ̀rọ̀. Ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ ló ń gbé èèyàn wá sí ìsọ̀ mi ní Kàbbà, tí wọ́n á ní, “Ìyá Aláago, ẹ bá mi wò ó, ó tún ti dákẹ́.” Tí mo bá bi wọ́n pé ẹ́ńjìnnì wo ló wà nínú rẹ̀, orúkọ ojú aago ni wọ́n máa ń kà fún mi. Ọ̀tọ̀ ni tibí, ọ̀tọ̀ ni tọ̀hún. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ta aago automatic, èyí tí kì í lo bátìrì, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì fúnra wọn. Wọ́n ń rà á lọ́dọ̀ Seiko àti Citizen ní Jàpáànì, lọ́dọ̀ ETA tàbí Sellita ní Swítsálándì, tàbí ní Ṣáínà. Aago méjì tí owó wọn jìnnà síra lè ní ẹ́ńjìnnì kan náà nínú. Ẹni tó ń tajà, tí ẹ bi í ní ẹ́ńjìnnì, tó kàn ń tẹnu mọ́ ọn pé “original ni, original ni”, ẹ kí i kú ọjà, kí ẹ máa bá tiyín lọ.

Ká tiẹ̀ kọ́kọ́ sọ èyí ná: kì í ṣe gbogbo èèyàn ni automatic bá lára mu. Irin wúwo kan wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì náà, ààbọ̀ òbìrí ni. Bí apá ẹni ṣe ń jù ni irin yẹn ń yí, òun ló ń ká sípíríǹgì tó ń gbé aago ṣiṣẹ́. Tí ẹ bá bọ́ ọ sílẹ̀, èyí tó wọ́pọ̀ nínú wọn á ṣiṣẹ́ fún bíi wákàtí 40, á sì dákẹ́. Bàbá kan láti Ìyàrà ń wọ tiwọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nìkan. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń tún un tò, wọ́n sì ti gbà pé ó bàjẹ́. Mo ní, “Bàbá, ara aago yín le. Ọwọ́ yín ni kò rí wọ̀. Ẹ fún ọmọ yín tó ń ṣe tíṣà, kí ẹ lọ ra oníbátìrì.” Oníbátìrì gidi kì í fi ju nǹkan bíi sẹ́kọ́ǹdì 15 yẹ̀ lóṣù. Automatic tó wọ́pọ̀ lè yẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kò sì sí ohun tó ṣe é. Ẹni tó fẹ́ràn kí ẹ̀rọ máa mí lọ́wọ́ òun ló wà fún, mo sì wà lára wọn.

Tó bá jẹ́ pé automatic náà lẹ ṣì fẹ́, NH35 ti Seiko ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ fún ẹni tó ń gbé lágbègbè wa níbí, láti Kàbbà títí dé Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀. Ó ń lù lẹ́ẹ̀mẹ́fà ní sẹ́kọ́ǹdì kan, ó ń gbé wákàtí 41, ó ní òkúta kéékèèké 24 tí àwọn ẹ̀yà rẹ̀ ń yí lórí wọn. Ẹ lè fọwọ́ wáìnì rẹ̀, tí ẹ bá sì fa kókó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde, ọwọ́ sẹ́kọ́ǹdì á dúró jẹ́ẹ́, kí ẹ lè tò ó bá aago rédíò mu. Nínú aago tí wọ́n kọ Seiko sí lójú, 4R35 ni wọ́n ń pe ọmọ ìyá rẹ̀. Kì í ṣe arẹwà o. Ó nípọn, ó lé ní mílímítà 5, àwọn tó ṣe é fúnra wọn sì sọ pé ó lè fi sẹ́kọ́ǹdì 20 rẹ̀yìn tàbí kó fi 40 ṣáájú lójúmọ́. Àmọ́ tó bá bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, odindi ẹ́ńjìnnì tuntun la máa fi rọ́pò rẹ̀, owó rẹ̀ kò sì ní tó owó tí ẹ máa san kí wọ́n tó tú ti Swítsálándì palẹ̀, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n tún un tò.

Seiko 5 tòkunbọ̀ tó wà lọ́jà, 7S26 ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, ẹ́ńjìnnì tó jáde ní 1996. Alágbára ni, ṣùgbọ́n kò ṣeé fọwọ́ wáìnì, ọwọ́ sẹ́kọ́ǹdì rẹ̀ kì í sì í dúró. Ẹ máa mì ín jẹ́jẹ́ sọ́tùn-ún sósì kó tó jí. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí wọ́n tà á fún yín ní iye NH35.

Miyota 8215, ti Citizen, náà lágbára, wákàtí 42 ló ń gbé. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, torí ó ń lé oníbàárà wá bá mi lásán. Irin ẹ̀yìn rẹ̀, apá kan péré ló fi ń ká sípíríǹgì. Tó bá yí sí apá kejì, òfo ló ń sá, á máa sáré fìrìrì, ẹ máa gbọ́ ọ, ẹ tiẹ̀ máa mọ̀ ọ́n lára ní ọrùn ọwọ́. Ọmọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Ọbàjànà gbé tirẹ̀ wá, ó ní nǹkan kan ti já nínú rẹ̀. Mo dojú aago délẹ̀, mo fi ìka ti irin náà láti ẹ̀yìn tí mo ṣí: apá kan, ó wúwo díẹ̀, apá kejì, ó fò lọ. “Ṣé o rí i? Bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn.” Ọwọ́ sẹ́kọ́ǹdì rẹ̀ náà lè máa ta díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Tí ìyẹn bá máa bí yín nínú, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ olówó ńlá, 9015, náà ń sá fìrìrì bẹ́ẹ̀, àmọ́ mílímítà 3.9 péré ló nípọn, ó ń lù lẹ́ẹ̀mẹ́jọ ní sẹ́kọ́ǹdì, ọwọ́ rẹ̀ sì ń rìn geere.

Ti Swítsálándì, ETA 2824-2 àti Sellita SW200 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìbejì. Ẹ̀rọ tó dára ni wọ́n, wọ́n rọrùn láti tú, mo sì ń gbádùn iṣẹ́ ara wọn. Kí ẹ tó rà á, ẹ mọ̀ pé ẹ̀yà ara rẹ̀ kò sí ní Kàbbà. Èkó la ti ń ránṣẹ́ gbà á. Powermatic 80 tó wà nínú Tissot ń gbé wákàtí 80: ẹ bọ́ ọ nírọ̀lẹ́ Fráídè, yóò ṣì máa lọ láàárọ̀ Mọ́ńdè. Ó dára fún òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì. Ṣùgbọ́n kò ní apá ìdarí kékeré tí à ń tì láti mú un yára tàbí kó falẹ̀, nítorí náà iṣẹ́ tí èmi lè ṣe sí i kò pọ̀. Ti Ṣáínà, àwọn kan nínú wọn dáa gan-an, àwọn kan kò dáa rárá, ẹ́ńjìnnì kan náà sì ni. Owó tí kò ní dùn yín tó bá ṣòfò ni kí ẹ fi rà á.

Tí aago bá ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́ kó dákẹ́ ná. Ẹ yí kókó rẹ̀ síwájú (tó bá jẹ́ 7S26, ẹ mì ín jẹ́jẹ́ ni): ó yẹ kí ẹ gbọ́ tíkí-tíkí wẹ́ẹ́rẹ́, kí ọwọ́ sẹ́kọ́ǹdì sì gbéra kí ẹ tó yí i pẹ́. Tó bá ń ha, ẹ dá a padà. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí kọ́ḿpáàsì orí fóònù, kí ẹ gbé aago sún mọ́ ọn. Tí ọwọ́ kọ́ḿpáàsì bá ta gìrì, òòfà ti wọ inú rẹ̀, á sì máa sáré ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn wẹ́dà àti àwọn tó ń jókòó ti ẹ̀rọ gbohùngbohùn ló sábà ń gbé irú rẹ̀ wá. Kì í ṣe ẹjọ́ ńlá, ẹ̀rọ kékeré kan ló ń yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, àmọ́ ẹ fi dín owó kù lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á.

Ẹ má yí déètì láàárín aago mẹ́sàn-án alẹ́ sí mẹ́ta òru. Àkókò yẹn ni eyín déètì ti wọnú ara wọn, ó lè kán. Ẹ bọ́ ọ tí ẹ bá fẹ́ ṣán oko tàbí gúnyán.

Ẹ wọn ibi tí okùn ń wọ̀ pẹ̀lú. Mílímítà 20 tàbí 22 ni ẹ máa rí okùn rẹ̀ wẹ́rẹ́ lọ́jà. 19 tàbí 21, ẹ máa wá a títí ilẹ̀ á fi ṣú.