Bí A Ṣe Lè Ṣètò Ìpàdé Ìwé Kíkà ní Ìrántí D. O. Fágúnwà

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1963 ni Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà, òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ Yorùbá, kú sínú odò ní Wuya, nítòsí Bida. Láti ìgbà náà wá ni àwọn olólùfẹ́ ìwé rẹ̀ ti ń rántí rẹ̀ ní oríṣiríṣi ọ̀nà: àwọn ọ̀mọ̀wé ń ṣe àpérò lórí rẹ̀, àwọn òṣèré ń gbé ìtàn rẹ̀ sórí ìtàgé, àwọn òbí sì ń ra ìwé rẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò tíì lè kà á tán. Ìlànà tí mo fẹ́ là sílẹ̀ níhìn-ín jẹ́ ti ìpàdé kékeré, irú èyí tí ogún tàbí ọgbọ̀n ènìyàn lè ṣe nínú àgbàlá ilé kan, nínú gbọ̀ngàn ìjọ, tàbí nínú yàrá ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́. Òfin kan ṣoṣo ni mo fi lélẹ̀: ọ̀rọ̀ tí Fágúnwà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbọ́dọ̀ gba àkókò púpọ̀ ju ọ̀rọ̀ tí a fi ń yìn ín lọ.

Mo ní ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo bí ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 1938, ṣe bẹ̀rẹ̀. Àgbàlagbà kan wọlé tọ ẹni tí ń sọ ìtàn náà fún wa wá, ó ní kí ó mú ìwé àti kálámù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí nínú igbó. Nígbà tí ó tún padà wá, ìròyìn ti tàn kálẹ̀, àwọn ènìyàn sì ti péjọ láti wá gbọ́ ọ. Èrò ìgbọ́tàn ti wà nínú ìwé náà fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá jókòó ní ìdákẹ́jẹ́ tí ó ń fi ojú nìkan kà á ń gbádùn rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwítúnwí, àfikún lórí àfikún àti ọ̀rọ̀ gígùn tí Fágúnwà máa ń tò léra kì í dùn tó bí ìgbà tí a bá fi ẹnu kà á fún etí ẹlòmíràn.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ yan ibi tí ẹ máa kà, kí ẹ sì yàn án ní ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ náà. Ìwé ìtàn àròsọ márùn-ún ni ó kọ: lẹ́yìn ti ọdún 1938, Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó jáde ní 1949, Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje ní 1954, Àdììtú Olódùmarè sì ní 1961. Ẹ má ṣe gbìyànjú láti mú nínú márààrún. Ibi mẹ́rin péré, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ti tó fún wákàtí kan àbọ̀ bí a bá fi orin àti ìjíròrò díẹ̀ sí i. Bí ó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ yín, ẹ kúkú mú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti inú ìwé kan ṣoṣo, kí ẹni tí kò kà á rí lè tẹ̀lé ìtàn náà.

Ibi tí mo máa ń dábàá fún ìbẹ̀rẹ̀ wà nínú Ògbójú Ọdẹ: ibi tí Àkàrà-ògùn, ọdẹ tí ń ròyìn ìtàn náà, ti pàdé Àgbákò, ẹ̀dá abàmì inú igbó. Fágúnwà kò kàn sọ fún wa pé ẹ̀dá náà burú. Ó tò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Fìlà irin wà lórí rẹ̀, ẹ̀wù idẹ wà ní ọrùn rẹ̀, awọ ni ó fi ṣe ṣòkòtò, ojú mẹ́rìndínlógún ni ó sì yí orí rẹ̀ ká. Ejò ààyè wà lára rẹ̀, ó sì ń yọ ahọ́n bí Àgbákò ti ń rìn. Ẹni tí yóò kà á kò gbọdọ̀ sáré. Kí ó mí lẹ́yìn ohun kọ̀ọ̀kan, kí àwọn tó ń gbọ́ lè rí fìlà náà kí wọ́n tó rí ẹ̀wù. Bí ó bá kù díẹ̀ kí ó dé orí iye ojú, kí ó rọ ohùn sílẹ̀. Àwọn ọmọdé ni yóò kọ́kọ́ pariwo.

Ìkejì, nínú ìwé kan náà, ni ìpéjọ àwọn ọdẹ tí ọba rán lọ sí Òkè Láńgbòdó. Àwọn méje ni wọ́n, olúkúlùkù sì ní agbára tirẹ̀: Kàkò Oníkùmọ̀-Ẹkùn, Ìmọ́dòye tí ọgbọ́n rẹ̀ kò láfiwé, Olóhùn-iyọ olórin, àti àwọn yòókù. Ibí yìí ni ẹ ti lè pín ìwé fún ọ̀pọ̀ ohùn. Kí ẹnìkan máa ka ìròyìn, kí àwọn mìíràn sì máa gba ọ̀rọ̀ ẹnu ọdẹ kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ fi Olóhùn-iyọ fún ẹni tí ó lè kọrin ní tòótọ́. Èmi ò rí ohun tí ó ba ìpàdé jẹ́ tó kí wọ́n máa pe ènìyàn ní olóhùn iyọ̀ kí ohùn náà sì wá gbẹ. Bí àwọn ọmọdé bá wà níjòókòó, kí ẹ ti ka ojú ìwé náà tẹ́lẹ̀, nítorí ohun tí Kàkò ṣe sí obìnrin tí ó fẹ́ fẹ́ ní ọjọ́ ìgbéyàwó wọn kì í ṣe ohun tí a ń kà fún ọmọ ọdún mẹ́fà láìsọ nǹkan kan lé e lórí. Àwọn àgbà ní tiwọn lè jíròrò rẹ̀ dáadáa, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìfẹ́ tí a ní sí òǹkọ̀wé kò ní kí a má bi í léèrè ọ̀rọ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ilé Ìrágbèje, ọlọ́gbọ́n tí àwọn ọdẹ náà bá ní Òkè Láńgbòdó. Mo mọ̀ pé àwọn kan fẹ́ràn ìtàn àti ẹ̀kọ́ tí ó ń kọ́ àwọn ọdẹ náà ní ọjọ́ méjèèje, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kà á ní alẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ, oorun yóò gbé ìdajì èrò lọ. Ẹ mú ìtàn kan péré níbẹ̀, kí ẹ sì gbé e sí àárín ètò.

Ọ̀rọ̀ àkọtọ́, ìyẹn ìlànà bí a ṣe ń kọ Yorùbá sílẹ̀, ni ó máa ń kó ìdààmú bá òǹkàwé jù lọ. Ìwé Fágúnwà ti wà kí ìjọba tó fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní ní ọdún 1974, nítorí náà nínú àwọn ẹ̀dà àtijọ́ ẹ ó rí «aiye», «enia», «nwọn», «yio» àti «ẹiyẹ» níbi tí a ti ń kọ ayé, ènìyàn, wọn, yóò àti ẹyẹ lónìí. Àmì ohùn kò sì pọ̀ lórí wọn. Ẹni tí ó bá dìde láìtíì wò ó tẹ́lẹ̀ yóò kọsẹ̀ ní ìlà kejì. Ọgbọ́n tí a ń ta sí i ni pé kí òǹkàwé gba ẹ̀dà ojú ìwé tirẹ̀, kí ó mú pẹ́ńsù, kí ó fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ tí ó lè tú sí ọ̀nà méjì, kí ó sì fa ìlà kékeré síbi tí yóò ti mí, nítorí gbólóhùn kan lè gùn tó ìlà mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà kí ó kà á sókè fún àgbàlagbà kan tí ó gbọ́ Yorùbá dénú, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa tí a dàgbà sí ìgboro kò gbọ́ rí. Kí a béèrè lọ́wọ́ àgbà kí a tó ṣì wọ́n pè níwájú èrò.

Ẹ ra ìwé náà. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ní Nàìjíríà, ọdún 70 lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé ni ààbò fi wà lórí iṣẹ́ rẹ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ti Fágúnwà ṣì wà lábẹ́ ààbò títí di ìparí ọdún 2033. Kí a ṣe ẹ̀dà ojú ìwé mẹ́ta kí òǹkàwé lè fi múra sílẹ̀ yàtọ̀ sí kí a ya fọ́tò odindi ìwé, kí a sì jù ú sórí WhatsApp fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn.

Ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ kò yẹ kó ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Òkè-Igbó ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1903. Ó kẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ ní St. Andrew's, Ọ̀yọ́, olùkọ́ ni ó sì jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kí ẹni tí yóò sọ ọ́ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì jókòó nígbà tí ó bá tán. Ẹnìkan yóò fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ ikú rẹ̀ dìde, kí ó máa sọ pé àwọn irúnmalẹ̀ tí ó kọ ìwé lé lórí ni wọ́n wá mú un. Kí alága ìpàdé fi ọgbọ́n dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dúró. Baálé ilé ni ó bómi lọ, ó fi ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀. A kì í fi irú òkú bẹ́ẹ̀ dá àpárá.

Orin kò gbọdọ̀ wọ́n. Bí ẹ bá rí oníjàálá ní àdúgbò yín, òun ni kí ó ṣí ìpàdé, nítorí ọdẹ ni ó pọ̀ jù nínú àwọn akọni Fágúnwà. Ẹgbẹ́ tí ó ní àwọn òṣèré lè lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ: Wálé Ògúnyẹmí sọ ìrìnàjò Láńgbòdó di eré orí ìtàgé, Nàìjíríà sì gbé e kalẹ̀ ní FESTAC, àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú, ní ọdún 1977. Ṣùgbọ́n eré ṣíṣe ń fẹ́ oṣù púpọ̀, ìwé kíkà kò fẹ́ ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ.

Bí ó bá jẹ́ ìlú London tàbí Houston ni ẹ wà, àwọn ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá tó yóò wà láàárín yín. Ìtumọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí Wọlé Ṣóyínká ṣe fún ìwé àkọ́kọ́ náà jáde ní ọdún 1968. Kí ẹ fún wọn kí wọ́n kà á nílé kí ọjọ́ tó pé, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dá òǹkàwé dúró lẹ́yìn ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan láti túmọ̀. Bí wọ́n bá ti mọ ìtàn náà, ohùn yóò gbé wọn dé ibi tí ó kù.

Ní ọjọ́ náà gan-an, ẹ yẹ iná wò kí ilẹ̀ tó ṣú. Òǹkàwé nílò iná tí ó tan sórí ìwé láti ẹ̀yìn èjìká rẹ̀, kì í ṣe èyí tí ó ń ràn sí i lójú. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé pátápátá. Ariwo rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbé ohùn òǹkàwé mì. Bí èrò kò bá ju ọgbọ̀n lọ, ẹ má lo máíkì. Kí ẹ to àga yípo, kí àwọn àgbà wà níwájú, kí àwọn ọmọdé jókòó sórí ẹní. Ọyẹ́ máa ń mú ní oṣù Kejìlá, nítorí náà kí omi mímu wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òǹkàwé, kí ọ̀fun rẹ̀ má bàa gbẹ.

Lẹ́yìn ibi kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀. Ẹ má béèrè pé ẹ̀kọ́ wo ni a rí kọ́, a kò sí ní kíláàsì. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ bá ìwé náà pàdé àti ẹni tí ó kà á fún wọn. Ìbéèrè yìí máa ń tú àwọn àgbà nínú: ọ̀kan yóò sọ̀rọ̀ tíṣà rẹ̀, òmíràn yóò ka odindi ìpínrọ̀ láti orí láìwo ìwé. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó kà á tán, bí ètò tilẹ̀ máa pẹ́.

Ẹni tí yóò gba ohùn sílẹ̀ lórí fóònù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ ààyè lọ́wọ́ òǹkàwé, kí ó sì fi orúkọ ìwé, ojú ìwé àti déètì pe fáìlì náà. Kí a tó túká, kí ẹ yan ẹni tí yóò gbàlejò ní ọdún tí ń bọ̀ àti ìwé tí ẹ máa kà. Èmi yóò dìbò fún Igbó Olódùmarè.