Bí a ṣe ń ya orí òpó eléwé ti Kọ́ríńtì

Òpó símẹ́ǹtì tó ní ewé lórí kì í wọ́n níwájú ilé ní Ìlọrin, àmọ́ ọ̀pọ̀ ewé náà ló jọ kábéèjì. Àìmọ ìwọ̀n ló ń fà á. Ìwọ̀n tí Vignola, ayàwòrán ilé ará Ítálì, tẹ̀ jáde ní 1562 ló rọrùn jù.

Ká ní ìdí òpó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 12 lórí bébà, orí rẹ̀ á ga tó 14. Ẹ fa ìlà àárín lóòró, kí ẹ sàmì sí 4, 8, 12 àti 14 láti ìsàlẹ̀. Ewé kúkúrú parí sí 4, ewé gíga sí 8, àwọn ọwọ́ tó ká bí ìkarahun ìgbín sí 12. Ìyókù ni ìdérí.

Ewé 8 ló wà ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Ẹ ya róbótó sísàlẹ̀ bébà, ẹ pín in sí 16, kí ẹ fa ìlà rẹ̀ gòkè. Ewé gíga kan ló ń wà láàárín gan-an, kúkúrú méjì á sì wà lọ́tùn-ún lósì rẹ̀. Àwọn ti ẹ̀gbẹ́ á tín-ín-rín, torí wọ́n ń yí lọ sẹ́yìn. Ẹni tó bá yà wọ́n dọ́gba, òpó rẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ bí pátákó.

Ẹ ya odindi ewé kí ẹ tó gé etí rẹ̀ wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Gbogbo iṣan rẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀ sídìí. Bó bá jẹ́ pé mọ́ọ̀dù lẹ máa fi dà á, ẹ má ká ṣóńṣó ewé wọnú jù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ọ̀dù ò ní bọ́, ewé á kán.

Vitruvius, ayàwòrán ilé ará Róòmù àtijọ́, ló sọ ìtàn orí òpó yìí: agbọ̀n wà lórí ibojì ọmọbìnrin kan ní Kọ́ríńtì, wọ́n fi àwo amọ̀ pẹrẹsẹ dé e, ewé acanthus sì hù yí i ká. Agbọ̀n eléwé yẹn ni wọ́n wò ṣe orí òpó náà. Torí náà, agbọ̀n ni kí ẹ kọ́kọ́ fi pẹ́ńsù fẹ́ẹ́rẹ́ yà, kí ewé tó dé.