Bí A Ṣe Ń Fi Ẹ̀ka àti Ewé Gbin Begonia Nínú Ilé ní Àgbádárìgì

Begonia kì í ṣe òdòdó tí èèyàn ń náwó rẹpẹtẹ lé lórí. Tí aládùúgbò yín bá ní ìkòkò kan, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó gé ẹ̀ka kan fún yín, ó parí. Ooru àti ọ̀rinrin tí begonia ń fẹ́ kò wọ́n wa ní Àgbádárìgì. Ohun méjì ló ń pa ẹ̀ka tuntun níbí: jíjẹrà àti iyọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo irú èyí tí ẹ ní. Èyí tí igi rẹ̀ ga, tó ní oríkèé bí ìrèké, ẹ̀ka rẹ̀ la fi ń gbìn ín. Ewé rẹ̀ nìkan lè ta gbòǹgbò o, àmọ́ kì í sábà yọ ọ̀mùnú. Rex, ìyẹn èyí tó ń rá mọ́lẹ̀, tí ewé rẹ̀ tóbi tó sì ní àwọ̀ oríṣiríṣi, ewé ẹyọ kan ti tó o.

Ọ̀rọ̀ erùpẹ̀ ló gba sùúrù jù. Ẹ má bu yanrìn etí òkun. Òótọ́ ni pé ó wà nítòsí, ó sì mọ́ lójú, ṣùgbọ́n iyọ̀ inú rẹ̀ á jó gbòǹgbò kéékèèké. Yanrìn odò tí àwọn bíríkìlà ń lò ni kí ẹ wá, kí ẹ sì fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ á fi mọ́. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń bó àgbọn, kí ẹ tọrọ èèpo onírun tó bo igbá rẹ̀. Ẹ ya á, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú. Omi náà á pọ́n kankan. Ẹ dà á nù, kí ẹ tún un rẹ títí pípọ́n náà á fi dín kù. Àgbọn tó hù létí òkun máa ń ní iyọ̀ lára, rírẹ yìí ló ń yọ ọ́. Ẹ wá po èèpo àti yanrìn pọ̀ lọ́gbọọgba. Tí ẹ bá fún un lọ́wọ́ tí omi ń ṣàn, ó ti tutù jù.

Ẹ tọ́ omi kànga yín wò lẹ́nu. Tó bá ní iyọ̀, omi òjò ni kí ẹ lò.

Abẹfẹ́lẹ́ tuntun ni kí ẹ fi gé ẹ̀ka, torí sísọ́ọ̀sì tó kú máa ń fọ́ ọ lára. Ẹ gé e ní ìnṣì 4 sí 6, lábẹ́ oríkèé gan-an. Ẹ já ewé ìsàlẹ̀ àti gbogbo òdòdó kúrò, ẹ ṣẹ́ ewé 2 tàbí 3 kù lókè. Ẹ jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ náà gbẹ díẹ̀, kí ẹ tó tì í bọlẹ̀ débi tí oríkèé kan á fi wọ inú erùpẹ̀. Àwọn kan máa ń kì í sínú ife omi. Ó dùn ún wò, àmọ́ gbòǹgbò inú omi rọ̀, ara rẹ̀ kì í tètè balẹ̀ nínú ilẹ̀. Erùpẹ̀ ni tèmi.

Ti Rex, ẹ dojú ewé dé, ẹ fi abẹ la àwọn iṣan ńláńlá níbi mẹ́ta mẹ́rin. Ẹ wá yí i padà, ẹ tẹ́ ẹ sórí erùpẹ̀, kí ẹ fi igi ìtayín kàn án mọ́lẹ̀ kí ojú ibi tí ẹ là náà lè kan ilẹ̀. Ibẹ̀ ni ọmọ wẹ́wẹ́ á ti yọ.

Ẹ gbé e sítòsí fèrèsé tí oòrùn kì í ràn tààrà. Nígbà ọyẹ́, ẹ gé ike omi sí méjì, kí ẹ fi dé e, kí ẹ máa ṣí i láràárọ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé. Nígbà òjò, ẹ má dé e rárá. Ẹ má tún bomi rin ín àfi tí òkè erùpẹ̀ bá ti gbẹ.

Ẹ̀ka á ta gbòǹgbò ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 sí 4. Tí ẹ bá rọra fà á tí kò tẹ̀ lé yín, ó ti mú. Ewé lè gba oṣù méjì. Bí ìdí ẹ̀ka bá dúdú tó sì ń rọ̀, ẹ gé e lókè ibi tó dúdú, kí ẹ da erùpẹ̀ yẹn nù, kí ẹ fi tuntun bẹ̀rẹ̀.

Tí ọmọ bá ti ní ewé 2 tàbí 3, ẹ lọ́ ọ sínú ìkòkò kékeré tí ìdí rẹ̀ lu. Ìkòkò ńlá á gbomi dúró, á sì jẹrà. Kí ajílẹ̀ dúró di ìgbà tó bá yọ ewé tuntun, ìdajì ohun tí wọ́n kọ sára páálí ló sì tó. Ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé, ajá, ológbò àti ewúrẹ́ kò ti ní tó o, torí oje rẹ̀ máa ń ta lẹ́nu.